Okùn Ẹ̀yìn Àga

Okùn dúdú kan ń bẹ lára ògiri mi ní Duluth,
ẹ̀yìn àga Orrin ló gbà wọlé.
Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ń fà wá lápò
bí ọmọ tí ń fa ìyá rẹ̀ láṣọ nílé ìtajà.

Nígbà tí Orrin wà láyé, n kò ráhùn.
Họ́kì orí yìnyín ló ń wò.
A máa nàka sí rẹfirí,
ọbẹ̀ á tutù lórí itan rẹ̀.
Oṣù kejì ló lọ. Ilẹ̀ ti dì gbagidi;
wọ́n ní ká dúró dìgbà tí yìnyín bá yọ́ ká tó sin ín.
Ìwé owó kébù kò dúró de yìnyín.
Igba dọ́là ó dín méjì,
fún igba ìkànnì ó lé ọgọ́rin,
èmi sì jókòó, mo ń wo ọkùnrin kan
tí ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí,
bẹ́ẹ̀ ojú ọjọ́ ọ̀hún ń bẹ lójú fèrèsé mi.

Mo pè wọ́n.
Ọmọkùnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí òróró.
"Mà, ẹ má gé e. A ó fi ìkànnì oúnjẹ sísè kún un lọ́fẹ̀ẹ́."
Mo ní ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dáná fún ọmọ ilé-ìwé.
"A ó yọ ogún dọ́là kúrò fún oṣù mẹ́fà."
Mo ní, oṣù keje ńkọ́?
Ó dákẹ́.
Mo gbọ́ ẹlòmíràn tí ń bẹ ẹlòmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Mo gé e.

Mo gbé àpótí wọn padà. A tò gbọọrọ,
oníkálukú gbá tirẹ̀ mọ́ àyà
bí ẹni tó wá dá òkú adìẹ padà.

Ó ku íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan, àádọ́ta dọ́là.
Òun ni mo fi ń rí Annika, ọmọ ọmọ mi ní Fargo,
tó ń fi ihò eyín rẹ̀ hàn mí, tó ń ti ahọ́n bọ̀ ọ́.
Oṣù mẹ́rin ni mo fi rìn bí ọmọge.
Àádọ́ta wá di márùndínláàádọ́rin.
Kí n tó mí, ó ti di mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún.
Wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé
kí àwọn lè túbọ̀ máa sìn mí ni.
Bí ẹni tó kọ ọ́ bá gbàgbé àmì orí rẹ̀,
ta ni yóò mọ̀ bóyá sísin ni?

Mo tẹ̀ sẹ́yìn àga, mo wo okùn náà.
Ọ̀kan ṣoṣo ni, tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀.
Èyí tó ń gbé họ́kì wá ló ń gbé Annika wá.
Mo ti rí irú èyí rí nínú ọgbà mi:
ekòló tí ọkọ́ gé, tó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.
Owó ń lọ, okun ń lọ,
okùn kò lọ síbì kan.

Vern Maki, tí ògiri kan ṣoṣo pín ilé wa,
gbé irin méjì wá bí ìwo ewúrẹ́,
ó so ó mọ́ fèrèsé.
Ìkànnì mẹ́rin. Ìkẹrin kì í dé
àfi bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti orí omi.
Adágún ni wọ́n ń pe omi yìí. Ẹ wá wò ó: òkun ni.
Lẹ́yìn náà ló wúkọ́, ó wo bàtà rẹ̀,
ó ní bí kò bá ní bí mi nínú,
ká jọ máa lo íńtánẹ́ẹ̀tì òun, ká dá owó rẹ̀ pọ̀.
Ó sọ ọ́ bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó.

Mo ti gbé àga Orrin lọ sí ilé ìdáná,
ara ògiri, ibi tó ti ń gbé e dáadáa.
Annika ní, "Màmá àgbà, ta ní ń wúkọ́?"
Mo ní ògiri ni.

Lánàá, ìwé owó Vern dé.
Wọ́n ti fi dọ́là méje kún un.
Kò tẹ̀ mí láago. Ó mú un wá fúnra rẹ̀,
ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, yìnyín wà ní fìlà rẹ̀.
Mo gbé omi kọfí kaná.